Kí Ọmọ Tó Wọ Ilé Ìwé Lóṣù Kẹsàn-án: Ìtọ́sọ́nà fún Òbí àti Alágbàtọ́ ní Oko àti Ìlú

Oṣù kẹsàn-án ni sáà tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé ìwé ìjọba ilẹ̀ Yorùbá. Ìmúrasílẹ̀ yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù keje, nígbà tí àgbàdo àkọ́rọ̀ ti ń jáde tí owó díẹ̀ sì ń wọlé. Bàtà àti báàgì ni ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ máa ń rà, tí wọ́n á fi ìwé àti ìlera sẹ́yìn. A rọ̀ yín pé kí ẹ yí i padà. Ọmọ lè fi báàgì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sílé ìwé fún sáà kan, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n ṣì kọ, tàbí àìsàn tí tíṣà kò mọ̀ sí, lè dá wàhálà ọ̀pọ̀ ọdún sílẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí

Ìwé yìí ni ọ̀gá ilé ìwé yóò kọ́kọ́ bèèrè. Àjọ Ètò Ìkànìyàn, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NPC, ni ó ń fúnni. Ẹ ó rí wọn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, wọ́n sì máa ń jókòó sí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba. Láàárín 60 ọjọ́ tí a bí ọmọ ni òfin ní kí á fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, láìsan owó. Bí ọjọ́ ti kọjá, ẹ ṣì lè lọ. Ẹ mú káàdì àjẹsára ọmọ tàbí ìwé tí ilé ìgbẹ̀bí fún yín dání, kí ẹ sì mú NIN tiyín náà. Ẹ má fi ìwé ìbúra kóòtù tẹ́ ara yín lọ́rùn nígbà tí ti NPC ṣì ṣeé gbà.

Orúkọ ni wàhálà pọ̀ sí jù. Ọmọ Yorùbá kì í ní orúkọ kan ṣoṣo: bàbá ń pè é ní Ayọ̀délé, ìyá àgbà ń pè é ní Àkànní, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tún ti sọ ọ́ ní tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n ló mú un lọ sílé ìwé, orúkọ tí ẹ̀gbọ́n mọ̀ ni tíṣà yóò kọ sínú rẹ́jísítà. Orúkọ yẹn ni yóò bá ọmọ dé ìwé mẹ́fà, tí yóò bá a dé ìdánwò WAEC. Láti ọdún 2021, JAMB kì í gba orúkọ ọmọ tí kò ní NIN, orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN ni wọ́n sì ń lò. Ọmọ tí ìwé rẹ̀ kò bára mu yóò máa ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn lásìkò tó yẹ kó jókòó kàwé.

Kí ẹ tó lọ sí ọ́fíìsì kankan, kí bàbá àti ìyá jókòó, kí wọ́n yan orúkọ ìdílé, orúkọ àkọ́kọ́ àti orúkọ àárín, kí wọ́n sì kọ wọ́n sí orí ìwé kan ní lẹ́tà ńlá. Ẹ pinnu bóyá Sola ni tàbí Shola, Wasiu ni tàbí Wasiyu. Ìwé kan náà ni kí ẹ máa fi hàn ní NPC, níbi NIN, ní ilé ìwòsàn àti ní ilé ìwé. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ ní kí òṣìṣẹ́ ka orúkọ náà sókè ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ kò bá mọ̀wé, ẹ mú ẹni tó mọ̀wé dání. Kì í ṣe ìtìjú.

Ọjọ́ orí ọmọ, ẹ má fi kún un, ẹ má sì yọ kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún 6 ló ń wọ Básíìkì 1, ọmọ ọdún 5 sì ń lọ sí kíláàsì tó ṣáájú rẹ̀. Ayé ti kọjá ìgbà tí wọ́n ń ní kí ọmọ gbé ọwọ́ gba orí kọjá kó fi kan etí. Ọmọ ọdún 4 tí a kọ sílẹ̀ pé ó jẹ́ 6 kò ní lè di pẹ́ńsù mú dáadáa, wọ́n á sì máa pè é ní olódo láìjẹ̀bi.

Ní ti owó, òfin UBE ti ọdún 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ní ilé ìwé ìjọba láti Básíìkì 1 títí dé JSS 3. Ẹni tó bá gba owó ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ òbí lè san ₦10,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 3. Òfin náà mú òbí tí kò bá fi ọmọ sílé ìwé pẹ̀lú: ìkìlọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa fún un, tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Bí wọ́n bá bèèrè owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ẹ bèèrè ìpàdé tí wọ́n ti fẹnu kò sí i, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Káàdì àjẹsára

Ẹ gbé káàdì náà jáde, kí ẹ wo àyè tó ṣófo. Lọ́jọ́ tí a bí ọmọ ni ó ń gba BCG tó ń dènà ikọ́ fée, àjẹsára mẹ́dọ̀wú B àti ẹ̀kán rọpárọsẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ó ń gba pẹ́ńtà, abẹ́rẹ́ kan tó ń dènà àrùn márùn-ún, àti àwọn tó ń bá a rìn. Ní oṣù 9, ó ń gba ti èéyi, ti ibà pọ́njú àti ti yírùnyírùn. Ní oṣù 15, ó ń gba ti èéyi lẹ́ẹ̀kejì.

Ti oṣù 15 yìí ni ọ̀pọ̀ ìyá kì í lọ gbà. Ọdún 2019 ni wọ́n fi í kún ètò Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ìyá sì gbà pé àjẹsára ti parí ní oṣù 9. Kò tíì parí. Nínú ọmọ 100 tó gba abẹ́rẹ́ èéyi ní oṣù 9, bíi 15 ni kì í mú fún. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló ń mú àwọn yẹn. Kíláàsì tí ọmọ 50 ti ń jókòó papọ̀ sì ni èéyi fẹ́ràn. Bí káàdì bá sọnù, ẹ padà sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fún un, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé wọn. Ẹ má kọ déètì láti orí.

Ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní tirẹ̀ pẹ̀lú: àjẹsára HPV, tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba ti ń fún wọn ní ọ̀fẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Irọ́ ni pé ó ń sọ ọmọ di àgàn.

Jẹ́nótáìpù ọmọ, àti ohun tó yẹ kí tíṣà mọ̀

Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bí ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, ìyẹn ni pé yóò ní àrùn fòníkú-fọ̀ládìde. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ọmọ kó tó wọ ilé ìwé, ẹ má fi ojú mọ̀ ọ́n. SC náà jẹ́ àrùn fòníkú-fọ̀ládìde. Ẹ má rò pé SS nìkan ni.

Bí ọmọ bá ní in, ẹ lọ bá tíṣà rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ sọ nǹkan wọ̀nyí fún un. Omi mímu ṣe kókó, kí ó jẹ́ kí ọmọ gbé ìgò omi sórí tábìlì. Ọmọ náà yóò máa tọ̀ lemọ́lemọ́, nítorí kíndìnrín rẹ̀ kì í lè dá omi dúró bíi ti àwọn yòókù. Kí wọ́n má sọ pé ó ń sá kíláàsì. Kí wọ́n má fi í kúnlẹ̀ nínú oòrùn, kí wọ́n má jẹ́ kí òjò pa á, kí wọ́n má sì fi túláàsì mú un sáré lọ́jọ́ eré ìdárayá. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tó 38°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àyà ń dùn ún, tàbí tí ẹnu àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun lójijì, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọmọ tó ní ásímà tàbí wárápá, ẹ sọ ọ́ bákan náà. Bí wárápá bá mú ọmọ ní kíláàsì, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí wọ́n kó àga kúrò nítòsí rẹ̀. Kí wọ́n má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ilé ìwòsàn ni.

Aràn àti odò

Ọmọ tó ń fẹsẹ̀ lásán rìn lórí ilẹ̀ tútù ni aràn kan ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ̀ lára, tí í máa mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bàtà rọ́bà tó. Oògùn aràn albendazole 400 mg, hóró kan, ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, tó fún ọmọ ilé ìwé. Ọmọ tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tó ti ń wẹ̀ nínú odò, àrùn ni ó kó. Àwọn kan gbà pé ìbàlágà ọmọkùnrin ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, ìwọ̀n ara tàbí gíga ọmọ ni wọ́n sì ń wò kí wọ́n tó fún un.

Oògùn oko nínú ilé

Níbi yìí, ọwọ́ òbí gan-an ni gbogbo rẹ̀ wà. Àgbẹ̀ ra gálọ́ọ̀nù apakoríko, ó bu díẹ̀ sínú ìgò kóòkì fún aládùúgbò. Ọmọ ti ilé ìwé dé láago méjì, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó rí ìgò. Bó bá jẹ́ paraquat ni, ìpọnmu kan tó láti pa àgbàlagbà, kò sì sí oògùn tó ń ṣẹ́ ẹ. NAFDAC ti fòfin dè é, ṣùgbọ́n èyí tó kù ní àjà ṣì wà níbẹ̀.

Inú agolo tó bá wá ni kí oògùn máa gbé títí yóò fi tán. Kí ó wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, kúrò ní yàrá, kúrò nítòsí gààrí àti àgbàdo. Agolo tó ṣófo, ẹ fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ da omi náà sínú ẹ̀rọ ìfínrín, kí ẹ sì lu agolo náà ní ihò kí ẹnikẹ́ni má fi rọ epo. Ọmọ ilé ìwé kò gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ ìfínrín kọ́rùn.

Bí ọmọ bá gbé oògùn oko tàbí kẹrosíìnì mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní omi iyọ̀, ẹ má sì kìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Epo ń mú un bì, ohun tó ń bì sì lè gba ibòmíràn wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ibẹ̀ ni kẹrosíìnì ti ń pa ọmọ. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ bó bá ń sùn lọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì mú agolo náà dání kí dókítà lè ka orúkọ tó wà lára rẹ̀. Bó bá dà sí i lára, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, kí ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán.

Ojú ọ̀nà

Ẹ bá ọmọ rin ọ̀nà náà ṣáájú ọjọ́ ìwọlé, ní àkókò tí yóò máa rìn ín. Apá òsì ni kí ó máa gbà, kí ó lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀kadà ni, kí ó jókòó sẹ́yìn, kì í ṣe lórí táńkì níwájú awakọ̀. Bí odò bá wà lójú ọ̀nà, ẹ bá tíṣà sọ ọ́ ṣáájú pé ọmọ kò ní wá lọ́jọ́ tí odò bá kún.

Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù méjì àti orúkọ àwọn tó lè wá gbé ọmọ sórí ìwé kan. Ẹ̀dà kan fún tíṣà, ẹ̀dà kan nínú báàgì. Lọ́jọ́ tí nọ́ńbà bá yí padà, ẹ mú tuntun lọ.