Ẹ Má Torí Sterol Pa Statin Tì: Ìtọ́sọ́nà fún Ìdílé tó Jogún Cholesterol ní Badagry

Ẹ̀yin tí dókítà ti sọ fún pé cholesterol yín, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ti oúnjẹ nìkan, pé ara bàbá tàbí ìyá lẹ ti jogún rẹ̀, ẹ̀yin la kọ ìwé yìí sí. Ẹ ti mọ bí a ṣe ń dín epo ọbẹ̀ kù; a ò ní í tún ìyẹn sọ.

Àṣìṣe kan là ń bá láti ilé dé ilé. Ẹnì kan á ra hóró sterol, èyí tí wọ́n fà yọ lára ewéko, á wá kó statin, oògùn tí dókítà fún un láti dín cholesterol kù, tì sí kọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Gíráàmù 2 sterol lójúmọ́ ń dín LDL, cholesterol tó ń dí òpójẹ̀, kù ní nǹkan bí ìdá 10 nínú 100. Ká ní LDL tiyín jẹ́ 250 mg/dL nínú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, á bọ́ sí 225. Dókítà sì fẹ́ kó má tó 100! Statin ló ń ṣe iṣẹ́ ńlá, sterol ń kún un lọ́wọ́. Obìnrin tó bá fẹ́ lóyún ni kó tètè bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí statin.

Ẹ pín gíráàmù 2 náà sí méjì: 1 pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, 1 pẹ̀lú ti alẹ́. Ẹ má lò ó lórí ebi. Iye sterol tí wọ́n kọ sára ike ni kí ẹ kà, kì í ṣe ìwọ̀n hóró. Bó bá kọjá gíráàmù 3, owó lẹ ń fi ṣòfò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ẹ lọ tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Aláboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 kò gbọdọ̀ lò ó.

Ẹ̀pà, ẹ̀gúsí àti àgbàdo ní sterol nínú, àmọ́ ti oúnjẹ ọjọ́ kan kì í sábà pé gíráàmù 1. Epo àgbọn wa ńkọ́? Ó ń mówó wọlé, ẹ máa tà á. Ẹni tó ní àìsàn yìí kò gbọdọ̀ máa fi dín ẹja, torí ọ̀rá tó ń gbé LDL sókè ló kún inú rẹ̀. Pé ó ti ara igi wá kò sọ ọ́ di oògùn.

Bí òbí kan bá ní àìsàn cholesterol àjogúnbá yìí, bó ṣe ṣeé ṣe kí ọmọ kọ̀ọ̀kan jogún rẹ̀ náà ló ṣeé ṣe kó má jogún rẹ̀. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí wọ́n tó pé ọdún 10. Òbí tó mọ̀ tó sì dákẹ́ ń ṣe ọmọ rẹ̀ níkà.

Àìsàn mìíràn tún wà tó jọ ọ́, sitosterolemia. Ọmọ tó bá gba àbùkù rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá kò lè ti sterol ewéko jáde lára. Ṣe ló ń kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí kókó aláwọ̀ ìyeyè ní ìgbọ̀nwọ́, orúnkún tàbí gìgísẹ̀ ọmọ, ẹ má fún un ní sterol rárá. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì mú hóró tí ẹ̀yin fúnra yín ń lò dání kí dókítà rí i.