Ohun Tí Mo Bá Lójú Omi Phở Nígbà Tó Dì Nínú Fíríìjì

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi ń kọ 450 sínú fóònù gẹ́gẹ́ bí kálórì abọ́ phở kan, núdù ìrẹsì olómi tí àwọn ará Vietnam ń sè. Omi ẹran, ewé tútù, ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀: kí ló wà níbẹ̀ tí yóò mú èèyàn sanra? Síbẹ̀, ìwọ̀n tí mo ń gùn láràárọ̀ ò mira. Èyí tó ká mi lára jù ni pé mo ti pa iyán àti ẹ̀bà tì nítorí ọ̀rọ̀ yìí, mo wá ń san dọ́là 16, láìka owó ẹ̀bùn tí agbóúnjẹ ń retí, fún abọ́ kan tó wúwo ju òkèlè tí mo sá fún lọ.

Òpópónà Bellaire ní Alief, níhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston, ni mò ń sọ, kò jìnnà sí Bissonnet tí àwa náà ti ń ra èlùbọ́. Àwọn ará Vietnam tó sá wá sí Texas lẹ́yìn tí ogun kó Saigon lọ́dún 1975, àtàwọn ọmọ wọn, pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ilé oúnjẹ tó bá ní ẹ̀ka 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọ kálórì síwájú oúnjẹ wọn. Ṣọ́ọ̀bù kan péré ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mò ń wí yìí ní, òfin ò kàn wọ́n. Nọ́ńbà tí ẹ bá rí níwájú oúnjẹ, èyí tí a fi ń pè é fún agbóúnjẹ ni. Fóònù ni mo wá gbára lé, bẹ́ẹ̀ fóònù ò mọ abọ́ tó wà níwájú mi.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ òótọ́, ẹ ní kí wọ́n dì í fún yín. Phở àgbélọ sílé máa ń wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: omi ẹran nínú ike kan, núdù àti ẹran nínú òmíràn, ewé nínú náílọ́ọ̀nù. Abọ́ ńlá tí wọ́n ń pè ní xe lửa, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin, ni mo rà. Mo gbé núdù lé òṣùwọ̀n: gíráàmù 380. Núdù ìrẹsì tó ti jinná máa ń ní bíi kálórì 108 nínú gíráàmù 100, nítorí náà 410 ti wọlé kí ẹran tó dé. Núdù nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ 450 mi tán.

Mo gbé omi ẹran sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo ṣí i, ojú rẹ̀ ti dì funfun báláú, bí àdín àgbọn lásìkò ọyẹ́. Mo fi ṣíbí họ ọ́, mo wọ̀n ọ́n: gíráàmù 31. Ọ̀rá màlúù ni, kálórì mẹ́sàn-án ló sì wà nínú gíráàmù kan, ó ti tó bíi 280. Ẹran tí mo yàn ni gầu, ìyẹn igẹ̀ màlúù tòun tọ̀rá rẹ̀, àti bò viên, ẹran lílọ̀ tí wọ́n ká róbótó. Ẹ fi bíi 280 mìíràn kún un. Ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́ta tương đen, ọbẹ̀ dúdú adídùn tí mo máa ń tú sí i láìwò, jẹ́ 105. Ó ti lé ní 1,000, a ò sì tíì dé ìdí kọfí.

Dídín núdù kù ò le rárá. Abọ́ kékeré ni tô nhỏ, núdù díẹ̀ ni ít bánh. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo sọ ọ́ tí wọ́n ṣe é. Ọ̀rá ojú omi yẹn ló fojú mi rí màbo.

Ìgbà àkọ́kọ́, mo sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n má fi òróró sí i. Òróró ata tó máa ń wà lórí tábìlì ni agbóúnjẹ rò pé mò ń sọ, ó sì fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ gbé e kúrò. Abọ́ dé, ọ̀rá ń léfòó róbótó róbótó bíi kọ́bọ̀. Ìgbà kejì, mo ní n ò fẹ́ ọ̀rá. Wọ́n yọ ẹran ọlọ́ràá, omi ò yí padà. Ìgbà kẹta, mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ Vietnam bọ̀: không nước béo, láìsí omi ọlọ́ràá. Mo rò pé mo ti já a. Fíríìjì ní rárá: gíráàmù 17. Ó dín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn. Dọ́là 16 lọ́nà mẹ́ta, kí ẹ kà á.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ọ̀nà méjì ni ọ̀rá ń gbà wọ abọ́ phở. Nước béo ni ọ̀rá tí wọ́n ti ré sọ́tọ̀, tí wọ́n fi ń kún abọ́ ẹni tó bá fẹ́ kó dùn sí i. Ìyẹn nìkan ni mo ní kí wọ́n má fi sí i. Ìkòkò fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Egungun màlúù ló ń hó lórí iná kékeré fún ọ̀pọ̀ wákàtí, pẹ̀lú atalẹ̀ àti àlùbọ́sà tí wọ́n ti yan, kànáfùrù àtàwọn èròjà olóòórùn míì. Ọ̀rá rẹ̀ ń gòkè. Bí alásè bá fi ìgbakọ gbọ́n ojú ìkòkò, ọ̀rá ló gbọ́n. Bó bá ti ìgbakọ náà wọ ìsàlẹ̀ kó tó fà á sókè, omi ló bù. Ọ̀rọ̀ tó máa mú un ti ìgbakọ wọ ìsàlẹ̀ ni nước trong, omi tó mọ́ gaara. Ọ̀rọ̀ méjì péré, ó ná mi lówó ju bàtà lọ.

Ẹ pè é bó ṣe yẹ o. Àwa tí a mọ̀ pé ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í sì í ṣe ọkọ̀, a ò gbọdọ̀ máa sọ èdè Vietnam bí òyìnbó. Bún ni núdù tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó bá gbé ohùn rẹ̀ wálẹ̀ tó pe bùn, ẹrẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé wá. Wọn kì í sì í bá àgbà sọ̀rọ̀ gbàdàgbàdà: obìnrin tó bá tó ìyá kékeré yín, cô lẹ máa pè é. Nígbà tí mo sọ pé "Cô ơi, phở tái, tô nhỏ, ít bánh, nước trong", màmá náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì ké e sí ilé ìdáná bí mo ṣe pè é gẹ́lẹ́.

Tái ni ẹran tútù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí omi gbígbóná ń bọ̀ nínú abọ́; ọ̀rá rẹ̀ ò tó nǹkan. Sách náà dáa, ṣàkì tó ṣe pẹrẹsẹ bí ojú ewé ìwé. Ìwé gan-an ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi giá trụng kún un, ẹ̀wà híhù tí wọ́n ti bọ̀ díẹ̀, kí ikùn lè mọ̀ pé òun jẹun. Èyí tí mo gbé lọ wọ̀n: núdù gíráàmù 170, ọ̀rá gíráàmù mẹ́fà. Mo ṣírò gbogbo rẹ̀, ó ń lọ sí 450. Irọ́ tí mo ti ń kọ bọ̀ wá di òótọ́.

Iyọ̀ kọ́ ni nước trong ń yọ o. Ṣíbí ọbẹ̀ kan nínú nước mắm, omi ẹja oníyọ̀ tí wọ́n fi ń dá a ládùn, ní bíi mílígíráàmù 1,400 sódíọ̀mù, èròjà inú iyọ̀, bẹ́ẹ̀ àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà má ṣe tó 2,000 lójúmọ́. Ìlàjì omi ni mo ń fi sílẹ̀ sínú abọ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata tútù ló rọ́pò tương đen; bí ojú bá ń rò mí, inú àwo kékeré ni mo ń da á sí, mo ń ti ẹran bọ̀ ọ́.

Ní ti àwọn yòókù, phở xào ò mú orúkọ phở dání ju láti tan yín jẹ: dídín ni wọ́n ń dín in. Bánh xèo, àkàrà ìrẹsì pẹlẹbẹ tí wọ́n dín, wàrà àgbọn àti òróró ló kún inú rẹ̀. Gỏi cuốn dáa, edé àti ewé tí wọ́n fi awọ ìrẹsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé, àmọ́ ọbẹ̀ ẹ̀pà tó bá a wá ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Chả giò, ẹran lílọ̀ tí wọ́n wé tí wọ́n sì dín, ni wọ́n máa ń gé lé orí bún thịt nướng, núdù tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú ẹran yíyan, láìsọ fún yín, ẹ tètè kọ̀ ọ́, kí ẹ kọ mỡ hành náà, òróró tí wọ́n rẹ ewé àlùbọ́sà sí. Canh chua, ọbẹ̀ kíkan, lẹ ò gbọdọ̀ fo: ẹja àrọ̀, àjàgbọn, ọ̀pẹ òyìnbó, tòmátì, àti ilá! Wọ́n gé e gbọọrọ, wọn ò jẹ́ kó pẹ́ lórí iná, kì í yọ̀. N ò mọ ìdí tí mo fi lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nídìí phở nígbà tí ilá wà lójú ewé kejì.

Kọfí ni apá mi ò tíì ká. Ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́ta mílíìkì inú agolo tó ki, tó kún fún ṣúgà, ti ń lọ sí kálórì 190, ìsàlẹ̀ ife cà phê sữa đá, kọfí onímílíìkì tútù, ló sì ń wà. Mo ti sọ ít sữa, mílíìkì díẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ti oníkálukú yàtọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù tí kọfí ti ń kán látinú ìsẹ́ lórí tábìlì, mo máa ń gbé ìsẹ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń wo funfun ìsàlẹ̀ ife láti ẹ̀gbẹ́, mo ń bu èyí tó bá kọjá ìka kan dànù kí n tó po ó. Ìka kan. Nígbà míì, ìka kan ààbọ̀.