Ẹ wádìí fọ́tò kí ẹ tó gbé e jáde
Ẹ̀yin akọ̀ròyìn ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fọ́tò àtijọ́ ròyìn jàǹbá òní. Láti 2011 ni Google ti fún wa láyè láti fi àwòrán wá àwòrán: ẹ gbé fọ́tò náà síbẹ̀, ó sábà máa ń fi ibi tó ti jáde rí hàn. Ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú, ẹ ka nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ wo àkọlé ara ògiri. Mo ti gbé fọ́tò iná ọlọ́dún mẹ́ta jáde rí bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ náà ló jó. Ó ṣì ń dùn mí. Bí ẹ bá sì ṣàṣìṣe, ẹ má yọ́ pa á rẹ́. Ibi tí àṣìṣe náà wà gan-an ni kí ẹ kọ àtúnṣe sí.