Bí A Ṣe Ń Fi Pàkúté Ẹyin Tọpa Ẹ̀fọn Tó Ń Gbé Ibà Pọ́njú

Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú (yellow fever) yàtọ̀ sí èyí tó ń fún wa ní ibà lásán. Aedes aegypti ni orúkọ rẹ̀. Dúdú ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní òrùka funfun, ojúmọmọ ló sì máa ń jẹni, pàápàá láàárọ̀ àti nígbà tí oòrùn bá ń lọ wọ̀. Inú omi tí àwa fúnra wa gbé kalẹ̀ sílé ló ti ń bímọ. Òun ló tan àjàkálẹ̀ ti ọdún 1987 ká ìgboro ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tí àìsàn náà tún yọjú ní Nàìjíríà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn ní Kwara ni wọ́n ti rí i. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ààbò tó dájú jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àdúgbò kan ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún àìsàn yìí, ẹyin ẹ̀fọn ni kó lọ wá.

Abo ẹ̀fọn yìí kì í yé ẹyin sójú omi. Ara ohun èlò, ní òkè ibi tí omi dé, ló ń lẹ ẹyin mọ́ ní ẹyọ ẹyọ. Ìwà yìí gan-an ni pàkúté ń lò.

Ẹ wá agolo tàbí ike tó gba nǹkan bí ìdajì lítà. Ẹ kùn ún ní ọ̀dà dúdú nínú àti lóde, kí ẹ sì sá a títí òórùn ọ̀dà á fi lọ pátápátá, torí òórùn náà ń lé ẹ̀fọn. Ẹ lu ihò kékeré sí ara rẹ̀, níbi tí ìdá méjì nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ bá dé. Ihò yìí ni òjò àpọ̀jù á gbà jáde; láìsí i, omi á gun orí ẹyin, ẹyin á sì pa kí ẹ tó dé. Ẹ gé pátákó pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12. Ẹ fi kílíìpù dè é mọ́ ẹnu agolo, kí ojú rẹ̀ tó rí ṣákaṣàka kọjú sáàárín, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wọ omi. Ojú tó ń dán kò wúlò.

Omi lásán á mú ẹ̀fọn, àmọ́ omi koríko mú jù ú lọ. Ẹ rẹ ẹ̀kúnwọ́ koríko gbígbẹ méjì sínú omi lítà 10, ẹ dé e pa fún ọjọ́ 7 lábẹ́ ìbòji, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá bu ìwọ̀n kan rẹ̀ sí ìwọ̀n omi mẹ́sàn-án. Bó bá ki jù, ẹ̀fọn lè yẹra fún un. Ìkòkò kan náà ni kí gbogbo pàkúté ti gba omi, kí ti òní lè bá ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dọ́gba.

Ibi tí ẹ gbé e sí ló ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Abẹ́ ìbòji ni kó wà, láti ilẹ̀ dé ìgbàyà èèyàn, lẹ́bàá ìdí òdòdó, lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà àlòkù. Oòrùn ń mú kí omi gbóná, ẹ̀fọn kò sì ní bà á. Ẹ yẹra fún ọ̀nà ewúrẹ́ àti adìyẹ, kí ẹ sì ṣàlàyé fún onílé àti àwọn ọmọdé ohun tó wà níbẹ̀, torí agolo tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń dà nù. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ nọ́ńbà ilé àti ọjọ́ sára pátákó. Omi á fọ bírò nù. Èèrà ń kó ẹyin lọ, nítorí náà ẹ má gbé pàkúté sójú ọ̀nà wọn.

Ó pẹ́ tán, ọjọ́ 7 ni kí ẹ padà kó o. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹyin tí omi bá bá lè pa, tanwíjí á jáde, kò sì ju bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá lọ nínú ooru tiwa kó tó di ẹ̀fọn tó ń fò. Pàkúté tí wọ́n gbàgbé ti di ilé ẹ̀fọn. Bí ẹ bá fẹ́ lo agolo náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha inú rẹ̀ dáadáa, torí ẹyin tó bá lẹ̀ mọ́ ọn lè gbẹ fún oṣù púpọ̀ kó sì ṣì pa nígbà tí omi bá kàn án.

Ẹ fi dígí amú-nǹkan-tóbi ka ẹyin: dúdú ni, ó gùn, ẹnu rẹ̀ méjèèjì tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ bá gbé pàkúté 40 kalẹ̀, tí 36 padà dé ọwọ́ yín, tí ẹyin sì wà nínú 18, ìdá 50 nínú 100 ni ẹ ó kọ, kì í ṣe 45. Èyí tó sọnù tàbí tí wọ́n dà nù kò sí nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹyin gbogbo bá jẹ́ 612, ẹyin 34 ló wà nínú pàkúté kọ̀ọ̀kan tó ní ẹyin.

Ẹyin nìkan kò tó láti mọ irú ẹ̀fọn. Ẹ jẹ́ kí pátákó gbẹ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ 2 sí 3 nínú ìbòji, kí ẹ tó rì í sínú omi. Oúnjẹ ẹja tó kéré bí iyọ̀ tín-ín-rín tó fún tanwíjí. Èyí tó bá pọ̀ jù á yí omi padà, wọn á kú. Inú àgò tí a fi nẹ́ẹ̀tì bò ni kí wọ́n dàgbà sí, kí ẹ sì pa wọ́n nínú fíríísà kí ẹ tó yẹ̀ wọ́n wò, torí kòkòrò ibà pọ́njú lè gba inú ẹyin dé ara ọmọ ẹ̀fọn. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: bí ìlà funfun méjì bá tẹ̀ kọdọrọ, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, Aedes aegypti ni. Bó bá jẹ́ ìlà funfun kan ṣoṣo láàárín, irú ẹ̀fọn mìíràn tó ń jẹ́ Aedes albopictus ni.

Ohun kan ṣe pàtàkì tí àwọn tó ń gbé ìròyìn jáde kì í fẹ́ gbọ́: iye ẹyin kì í ṣe iye ẹ̀fọn. Nígbà òjò, agolo àti táyà tó gbomi ń bá pàkúté yín du abo ẹ̀fọn, ẹyin lè dín kù nígbà tí ẹ̀fọn ń pọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ wọlé lọ wo omi àwọn aráàlú.

Ẹ kí onílé, ẹ gba àṣẹ, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo ohun tó ní omi nínú: amù, dúrọ́ọ̀mù, táǹkì, táyà, abẹ́ ìkòkò òdòdó. Tanwíjí Aedes ń so rọ̀ lójú omi, ọ̀pá ìmísí rẹ̀ kúrú. Ti ẹ̀fọn ibà lásán ń tẹ́ gbalaja lójú omi, kò ní ọ̀pá. Bí ilé 80 bá jẹ́ èyí tí ẹ wò, tí tanwíjí wà ní 18, ìdá 22.5 nínú 100 ni ti ilé. Bí ohun èlò olómi 240 bá wà, tí 36 ní tanwíjí, ìdá 15 nínú 100 ni ti ohun èlò. Ohun èlò 36 náà fún ilé 80 sì jẹ́ 45 fún ilé 100. Ìṣirò tí wọ́n ń pè ní Breteau nìyẹn. Nínú ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé, Breteau tó ju 50 lọ tàbí ìdá ilé tó ju 35 lọ fi ewu ńlá hàn. Bí Breteau kò bá tó 5, tí ìdá ilé kò tó 4, ewu àjàkálẹ̀ kéré. Ẹ má gbé ọkàn lé nọ́ńbà àárín bí ẹni pé ààbò ni.

Ní tèmi, ẹ ka píúpà náà, ìyẹn ìpele tó tẹ̀lé tanwíjí, tó rí roboto lórí tí kì í jẹun. Èyí tó kù díẹ̀ kó fò ni. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ohun èlò díẹ̀ ló ń bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ó sì lè jẹ́ dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta péré ló yẹ kí ẹ bójú tó, dípò igba agolo.

Èyí tí wọ́n lè dà nù, ẹ dà á nù sórí iyanrìn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ògiri rẹ̀. Amù tí wọn ò lè dà nù nítorí omi ọ̀wọ́n, ẹ fi ìdérí tó bò ó pa dé e, tàbí kí ẹ fi temephos (oògùn tó ń pa tanwíjí) oníyanrìn ìdá 1 nínú 100 sí i: gíráàmù 10 fún omi lítà 100, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ padà wá wò ó ní ọ̀sẹ̀ kejì.