Wáyà ló pa bátìrì sólà mi, iná gíríìnì sì ń tàn

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú ná kí n tó ṣàlàyé. 310,000 náírà ni mo ra bátìrì tubular 200Ah ní oṣù Kìíní 2024, ẹni tó tà á fún mi ní ọdún mẹ́rin sí márùn-ún ni màá lò ó, oṣù Kẹjọ ọdún yẹn náà ló kú. Mi ò lò ó nílò ìkà o. Kò yó rí ni, látọjọ́ tí mo ti gbé e wọ mọ́tò, mi ò sì mọ̀, torí ojoojúmọ́ ni iná gíríìnì ń tàn tó ń sọ fún mi pé ó ti yó.

Fóònù ni mò ń tún ṣe. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Lágere níbí ní Ifẹ̀, àmọ́ ọjà oko ni mo ti ń rówó gidi, Ìfẹ́tẹ̀dó, Òkè-Igbó, Ìfẹ̀wàrà. Mo yọ àga ẹ̀yìn mọ́tò LiteAce àtijọ́ kan kúrò, mo kan tábìlì sí i, mo tẹ́ mátíráàsì, tó bá ku ọ̀la tí ọjà máa ná, inú ẹ̀ ni mò ń sùn. Áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń jó fóònù, fáànù, búlúbù, láptọ́ọ̀pù, àti fóònù àwọn èèyàn tí wọ́n bá gbé wá chárjì, jẹ́ń kékeré tí wọ́n ń pè ní "I pass my neighbour" ló ń gbé gbogbo ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, epo bẹ̀rẹ̀ sí jẹ èrè mi bí ikán ṣe ń jẹ igi. Màmá elélùbọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní Ìfẹ́tẹ̀dó náà ti ń pariwo: "Fóònù, èéfín ẹ ti wọ èlùbọ́ mi o!" Bí wọ́n ṣe ń pè mí lọ́jà nìyẹn, Fóònù.

Ìdí tí mo fi sá lọ sí sólà nìyẹn. Gbígbé páńẹ́ẹ̀lì sórí mọ́tò ò le, mi ò ní fi yín ṣòfò. Páńẹ́ẹ̀lì 300W gùn tó mítà 2, ó fẹ̀ tó mítà 1, òrùlé LiteAce gbà á. Wẹ́dà, áńgù áyọ́ọ̀nù, bóòtì mẹ́rin, gọ́ọ̀mù síbi tí wáyà gbà wọlé kójò má baà jò, ó parí.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni ọwọ́ ọmọkùnrin oníná tó bá mi so ó, tó gba 35,000 owó iṣẹ́. Ó gbé kọ̀ntírólà, ẹ̀rọ tó ń darí iná láti páńẹ́ẹ̀lì wọ bátìrì, tí iná gíríìnì yẹn wà lójú ẹ̀, kọ́ sẹ́yìn níbi tábìlì mi kí n lè máa rí nọ́ńbà ojú ẹ̀, bátìrì wà lẹ́yìn àga dírẹ́bà torí ó wúwo gan-an, ó wá fa wáyà láti ọ̀dọ̀ kọ̀ntírólà lọ sí bátìrì, ó gba òkè, ó yí i po férémù ilẹ̀kùn, ó fi bò ó kó lè lẹ́wà. Ó sì lẹ́wà lóòótọ́! Èmi gan-an yà á sí status. Mítà 5 géérégé, wáyà 1.5mm, èyí tí wọ́n fi ń fa iná búlúbù nínú ilé. Ṣé mo mọ̀ nígbà yẹn? Mi ò mọ nǹkan kan.

Oṣù àkọ́kọ́, aago mọ́kànlá alẹ́ fáànù á ti kú. Tí mo bá fi multimeter, ohun tí wọ́n fi ń wọn iná, wọn bátìrì láàárọ̀, vólìtì 12.1, bẹ́ẹ̀ 12.7 ló yẹ kí bátìrì tó yó máa fi hàn tó bá ti sinmi, 12.2 sì ti sún mọ́ ìdajì. Mo pe oníná. Ó ní eruku ọyẹ́ ni, kí n fọ páńẹ́ẹ̀lì. Èmi àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí gun orí mọ́tò láràárọ̀ pẹ̀lú kànìnkànìn àti omi, àwọn ọmọ ọjà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọyẹ́ lọ, òjò dé, nǹkan ò yí padà. Ó tún ní, "Bọ̀ọ̀dá, kọ̀ntírólà yẹn ni, PWM ni, ẹ ra MPPT." 85,000 tún ni. Òótọ́ ló sọ níbẹ̀ o, irú kọ̀ntírólà méjì ni wọ́n, MPPT sì ń fa agbára jáde lára irú páńẹ́ẹ̀lì mi ju PWM lọ dáadáa. Mo rà á. Aago mọ́kànlá àárọ̀, iná gíríìnì ti tàn! Inú mi dùn débi pé mo ra kóòkì fún oníná. Lálẹ́ ọjọ́ náà, aago mẹ́wàá, fáànù kú.

Nígbà tó dẹ̀ wá di oṣù Kẹjọ tí búlúbù lásán ò lè tàn di ọ̀gànjọ́, mo gbé bátìrì lọ bá bàbá kan tó ń chárjì bátìrì mọ́tò ní Sábó. Bàbá ò tiẹ̀ wo fóònù tí mo fẹ́ fi han wọn. Wọ́n ṣí ìdérí, wọ́n fi háídírómítà, ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá omi bátìrì ti yó, fa omi ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló sọ fún ẹ pé èyí yó rí?"

"Kọ̀ntírólà ni sà, ó ń fi 14.4 hàn."

"Ṣé inú kọ̀ntírólà lo wá ń kó iná sí ni?"

Wọ́n chárjì ẹ̀ fọ́jọ́ méjì, kò gbé e. Wọ́n ní òjé inú ẹ̀ ti di iyọ̀ funfun tó le mọ́ ara ẹ̀, pé ebi ló pa á. Mo fẹ́ẹ̀ sunkún. Wọ́n wá tẹ̀ lé mi dé ìdí mọ́tò, wọ́n gbé bátìrì tiwọn kan wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án gangan, wọ́n ní kí n wọn ẹnu kọ̀ntírólà: 14.4. Wọ́n ní kí n wọn orí bátìrì fúnra ẹ̀: 13.2. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní kí n fọwọ́ kan wáyà, ó gbóná lọ́wọ́ọ́rọ́.

Vólìtì kan àti díẹ̀ ń sọnù sójú ọ̀nà, lọ mítà 5, bọ̀ mítà 5, lórí wáyà tó tín-ín-rín. Kọ̀ntírólà ò mọ̀, ẹnu ara ẹ̀ ló ń wọ̀n, tó bá ti rí 14.4 níbẹ̀ ó gbà pé iṣẹ́ ti parí, á dín iná kù. Ó dà bí kéèyàn máa bi ẹni tó ń bu oúnjẹ bóyá àlejò ti yó. MPPT 85,000 tó ń ti iná púpọ̀ sí i wá, ṣe ló jẹ́ kó tètè purọ́, torí bí ámpù, ìyẹn bí iná tó ń ṣàn nínú wáyà, bá ṣe pọ̀ tó náà lohun tó ń sọnù lórí wáyà ṣe ń pọ̀ tó.

Mo ra bátìrì míì, ẹ má bi mí léélòó. Èmi fúnra mi ni mo so èyí, mo yangàn díẹ̀ níbẹ̀: mo gbé kọ̀ntírólà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, mítà 1 péré ló wà láàárín wọn, wáyà 16mm, mítà 4 jẹ́ 16,000 (ìyókù ṣì wà nílé), fíúùsì sún mọ́ orí bátìrì. Kí ibi tó jìn jẹ́ láàárín páńẹ́ẹ̀lì àti kọ̀ntírólà, torí níbẹ̀ vólìtì pọ̀, ámpù kéré, wáyà 4mm tó o. Mo wọn ẹnu méjèèjì: 14.4 níhìn-ín, 14.4 lọ́hùn-ún. Mo pariwo nínú mọ́tò. Mi ò rí nọ́ńbà ojú kọ̀ntírólà láti ibi tábìlì mọ́, kò kàn mí mọ́, multimeter ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa sùn nínú tiyín bíi tèmi, ẹ ṣí wíńdò o, bátìrì olómi máa ń tú gáàsì tó ń gbiná jáde tó bá ń chárjì, kí áyọ́ọ̀nù gbígbóná má sún mọ́ ọn.

Mo pe oníná, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún un, mo tiẹ̀ rọra sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣebí iná ń tàn nígbà yẹn?" Mo pa fóònù.

Fáànù ń ṣiṣẹ́ di àárọ̀ báyìí, kò sì sí èéfín mọ́. Màmá elélùbọ́ ń gbé fóònù méjì wá chárjì ní gbogbo ọjọ́ ọjà, wọn ò san kọ́bọ̀. Wọ́n ní owó èéfín làwọn ń gbà.