Bí ẹ ṣe máa jẹ́ kí bias áńpù tẹ̀lé ooru, kí ohùn má baà ha

Áńpù tí ohùn rẹ̀ ń ha nígbà tí wọ́n bá ń rọra gbàdúrà, tó sì mọ́ gaara nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin bá bẹ̀rẹ̀, bias rẹ̀ (iná díẹ̀ tí transistor inú rẹ̀ ń gbà kódà nígbà tí kò sí ohùn) ló kéré. Èyí tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá yí volume dé òpin nìkan ló ń ha, ẹ má fọwọ́ kan bias rẹ̀. Iná tó ń wọlé ni kí ẹ wọ̀n. Bí ó bá ti já sí 170 volt, bí a ṣe máa ń rí i ní Kubwa àti Nyanya lálẹ́, orí ìgbì ohùn ló ń gé.

Transistor tó ń ti ohùn sókè àti èyí tó ń fà á wálẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn pọ̀ níbi tí ìgbì ti ń kọjá òdo. Bias ló ń jẹ́ kí wọ́n lajú. Ṣùgbọ́n bí transistor bá fi digíríì Celsius kan gbóná sí i, volt tí base rẹ̀ (ẹsẹ̀ tí a fi ń darí rẹ̀) ń béèrè á dín ní bíi 2 millivolt. Bias tó dúró sójú kan á kéré jù láàárọ̀ ọyẹ́. Lọ́sàn-án oṣù Kẹta á pọ̀ jù, transistor á máa gbóná lọ títí tó fi máa jó.

Transistor kékeré tó wà láàárín base driver méjèèjì (àwọn transistor tó ń ti àwọn ńlá), BD139 ló wọ́pọ̀, ló ń tún bias ṣe fúnra rẹ̀. Collector àti emitter ni ẹsẹ̀ méjì yòókù rẹ̀. Bí resistor collector sí base bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti base sí emitter, yóò di 2.4 volt mú, á sì máa dín in kù ní 8 millivolt fún digíríì kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹ dè é mọ́ ṣe pàtàkì ju trimmer (resistor kékeré tí a lè yí) lọ. Tó bá dá dúró lórí bọ́ọ̀dù, ìròyìn ooru á pẹ́ kó tó dé etí rẹ̀. Ẹ dè é mọ́ orí 2SC5200 (transistor ńlá tó ń ti ohùn sókè) gan-an, tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí heat sink (irin tó ń gba ooru). Ẹ fi máíkà àti gírísì fẹ́lẹ́ sí i, torí irin ẹ̀yìn BD139 kan collector.

Ààrin base àti emitter ni kí trimmer wà. Bí eruku bá já a níbẹ̀, ohùn á kàn ha ni. Bó bá jẹ́ láàárín collector àti base ló ti já, 2SC5200 àti 2SA1943 (èyí tó ń fa ohùn wálẹ̀) á jó pọ̀.

Ẹ yọ sípíkà, ẹ yí volume sí òdo, kí ẹ fi trimmer síbi tí resistance rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ gba iná kọjá nínú gílóòbù 100 watt àtijọ́, kì í ṣe LED. Bó bá tàn yòò tí kò wálẹ̀, nǹkan ti ṣọ́ọ̀tì. Ẹ pa á. Bó bá wálẹ̀, ẹ yọ gílóòbù kúrò, torí òǹkà tí ẹ bá rí pẹ̀lú rẹ̀ kò pé. Ẹ fi mítà sórí resistor emitter 0.22 ohm kan (ẹ fi kílíìpù mú un, ẹnu mítà tó bá yọ̀ lè pa gbogbo iṣẹ́ náà), ẹ yí trimmer títí mítà á fi dé 15 millivolt. Ẹ dé áńpù, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ wá yí i dé 20.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi resistor ńlá 8 ohm sípò sípíkà, ẹ fi orin lù ú fún ìdajì wákàtí, ẹ pa orin, kí ẹ wo mítà lójú ẹsẹ̀. Bó bá lé ní 40 millivolt, BD139 kò tètè gbọ́ ooru: gírísì rẹ̀ ti gbẹ, tàbí skrú rẹ̀ ti tú. Bó bá já wálẹ̀ sábẹ́ 10, ó ń ṣàṣejù, pàápàá níbi tí driver ti wà lórí irin tirẹ̀ tí kò gbóná. Ẹ to diode 1N4148 méjì tẹ̀léra pẹ̀lú BD139, kí wọ́n jìnnà sí heat sink, ẹ dín resistor collector sí base kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ẹ tún un yí láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku ẹ̀gbẹ́ heat sink dànù kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.