Iná ẹ́ábáàgì kò kú: ìbéèrè tí wọ́n ń bi réwáyà kan ní Kàbà

Okun o. Ìbéèrè kan náà ni, lórí iná dáṣíbọọ̀dù tó jẹ́ ti ẹ́ábáàgì, àpò tó ń kún fún afẹ́fẹ́ láti gba ènìyàn bí mọ́tò bá forí gbá nǹkan; ẹnu ló ń yàtọ̀. Ẹni tó ti Ìsánlú wá bi mí lánàá, ẹni tó ti Ìyàrà wá yóò tún bi mí lọ́la. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnu mi lè sinmi.

Iná ẹ́ábáàgì yọ nígbà tí mo ṣíná mọ́tò. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Ẹ ka ení, èjì, dé ẹẹ́fà tàbí ẹẹ́je. Bó bá kú, mọ́tò ń yẹ ara rẹ̀ wò ni. Ẹ máa lọ.

Tèmi kì í yọ rárá. Ó dáa, àbí?

Kò dáa. Ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí ó lẹ nǹkan bò ó. Ara tòkunbọ̀ ni mo ti ń rí i jù: ẹ́ábáàgì ti bú jáde rí, wọ́n lẹ dáṣíbọọ̀dù pa, wọ́n kùn ún, wọ́n tà á fún yín.

Ó ń kọ “passenger airbag off”, pé ẹ́ábáàgì èrò iwájú ti kú.

Ta ló jókòó síbẹ̀? Bí kò bá sí ènìyàn, bó bá jẹ́ ọmọdé tàbí ẹrù tí kò wúwo, bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn. Ohun tó ń wọn ìwúwo wà nínú àga náà. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà, ẹ ní kó fẹ̀yìn ti àga dáadáa. Bí kò bá yí padà, ẹ gbé e wá.

Ṣé mo lè gbé ọmọ síwájú?

Rárá. Kí ojú tó ṣẹ́, ẹ́ábáàgì ti tú jáde. Bí àga ìkókó bá kọ ẹ̀yìn sí dáṣíbọọ̀dù, ẹ̀yìn àga yẹn ni yóò gbá, níbi tí orí ọmọ wà gan-an. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, ẹ̀yìn ni àyè rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ níwájú, ọmọ yẹn ni yóò kọ́kọ́ gbà á. Ti àgbàlagbà ni pé kí àyà jìnnà sí dáṣíbọọ̀dù ní íńṣì 10, ó kéré tán, kó sì de bẹ́líìtì. Àwọn ará párkì tó ń kó ènìyàn méjì síwájú: bẹ́líìtì kan, ẹ́ábáàgì kan, ènìyàn méjì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Iná ń yọ, hóònù ò sì dún.

Clock spring ni, lọ́pọ̀ ìgbà: wáyà tó ká roboto nínú sítíárìn, tó ń gbé iná lọ bá hóònù àti ẹ́ábáàgì. Ẹ gbé e wá.

Iná ń yọ lónìí, kò yọ lọ́la.

Èyí ló fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́. Tíṣà kan láti Mọ́pà gbé tòkunbọ̀ rẹ̀ wá. Skánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe inú mọ́tò, sọ pé ẹ̀gbẹ́ àga èrò iwájú ni. Mo nu kóòdù náà, iná kú, ó lọ. Ọjọ́ kẹta, ó padà dé. Mo wá pààrọ̀ clock spring. Ìwà òmùgọ̀ ni, nítorí skánà ò dárúkọ sítíárìn rárá, àmọ́ ìkánjú ló mú mi. Ó tún padà dé. Bó ṣe ń pè mí ní “ọ̀gá” lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀wọ̀.

Èmi nìkan ni mo wa mọ́tò náà gba ọ̀nà Ọ̀bàjánà, láàárín àwọn tírélà sìmẹ́ńtì, n kò sì fi kòtò kan sílẹ̀ láìbọ́ sí i. Iná ò yọ. Mo pè é pé kó wá gbé e. Tòun tìyàwó ló dé. Wọ́n ti ra iṣu lọ́jà, ìyàwó wá fa àga iwájú síwájú pátápátá kí iṣu lè ráyè lẹ́yìn. Ó jókòó. Wọn ò tíì kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù tí iná fi yọ. Ọkọ ní, “Ẹ wò ó, ìyàwó mi ni àìsàn rẹ̀.” Ìyàwó ò rẹ́rìn-ín.

Mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó rán ìbòrí aláwọ fún àga ti fi wáyà ìdirin de àwọn wáyà tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́ irin. Bí àga bá wà lẹ́yìn, kò sí wàhálà. Bó bá ti lọ síwájú, okùn á fà, sọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ yẹ́lò tó so wáyà ẹ́ábáàgì pọ̀ á yọ díẹ̀. Mo yọ orí bátìrì, mo dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo tú ìdè náà, mo ki sọ́kẹ́ẹ̀tì padà títí ó fi dún kẹ̀kẹ̀. Ìbòrí yẹn tún ti bo ibi tí ẹ́ábáàgì ẹ̀gbẹ́ àga ń gbà jáde. Mo ní kí wọ́n bọ́ ọ dànù. Owó clock spring, èmi ni mo san án.

Ṣé mo lè tú u fúnra mi?

Ẹ lè yọjú wo abẹ́ àga. Ẹ má fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹ́lò. Ohun abúgbàù wà nínú ẹ́ábáàgì, iná díẹ̀ láti ara tẹ́sítà tó láti mú un bú sí yín lójú. Àwọn kan sì ń so resistor kékeré mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, kó lè tan mọ́tò bíi pé ẹ́ábáàgì wà níbẹ̀, kí iná lè kú. Iná á kú lóòótọ́. Ẹ́ábáàgì náà ti kú tẹ̀lé e.

Mọ́tò mi ti Amẹ́ríkà wá. Ṣé ti Takata kàn mí?

Ó lè kàn yín. Takata ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ábáàgì fún ọ̀pọ̀ mọ́tò, tí wọ́n wá ní kí wọ́n dá padà wá pààrọ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ń ba ẹ̀tù inú ẹ́ábáàgì wọn jẹ́; bó bá bú jáde, irin rẹ̀ á fọ́, á sì fọ́n sára ènìyàn. Ẹ ka nọ́ńbà oníhóró 17 tó wà ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, lọ́wọ́ dírẹ́bà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá ní ti àga iwájú ò tíì ní àtúnṣe, ẹ má gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Ọ̀dọ̀ aṣojú ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò náà ni kí ẹ gbé e lọ. Títí ẹ ó fi débẹ̀, ẹ̀yìn ni kí gbogbo èrò jókòó sí.